Yàrá Tí Kì Í Yan Ọmọ

Ọjọ́bọ̀, 2 Nofẹ́mbà 1961

Lẹ́tà Ọlábámijí dé láti Kàdúná. Bíọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti lóyún, ìparí oṣù kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni wọ́n ń retí ọmọ. Ó ní kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé ilé ló máa wá bí i sí. Inú mi dùn títí mo fi ṣí ojú ìwé kejì: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìjàgbó ni a rò pé kó lọ, nítorí ooru."

Nítorí ooru! Ọmọ ọmọ mi yóò délé ayé, ilé ìyá ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ dé, nítorí ooru.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, wọ́n gbé Ọmọ́ládé, ọmọ wọn àkọ́kọ́, wá kí mi. Ó sùn sínú yàrá mi lẹ́ẹ̀mejì péré, ara rẹ̀ sú wínníwínní, wọ́n bá kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ìyá Bíọ́lá ní Ìjàgbó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá náà gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ìyá, ó ká aṣọ ọmọ náà sókè: "Ẹ wo ọmọ mi! Ilé Tíṣà yan án bí àgbàdo!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rín ọ̀hún ti há sí mi lọ́fun.

N óò kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìn ilé yìí kí ọmọ náà tó dé. Yóò tutù débi pé Ìyá Ìjàgbó á bẹ̀ mí kó tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 Nofẹ́mbà

Sàláwù bíríkìlà wá wo ilẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi ní búlọ́ọ̀kù la máa lò.

"Tíṣà, ayé ti là. Ta ló tún ń mọ amọ̀?"

"Ta ló kọ́ ilé tuntun ìyá Bíọ́lá ní Ìjàgbó?"

"Èmi náà ni."

"Kí lo fi kọ́ ọ?"

"Búlọ́ọ̀kù gidi, Tíṣà. Sìmẹ́ńtì gidi."

"Tó bá di ọ̀sán, inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí?"

Ó họ orí. "Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n máa ń wà."

Mo rẹ́rìn-ín lónìí, ẹ̀rín tèmi gan-an. Kì í ṣe ilé ló tutù ní Ìjàgbó, máńgòrò ni! Obìnrin yẹn ń fi igi máńgòrò gbéraga sí mi.

Mo ní amọ̀ la máa lò, kí ògiri nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta nítorí òjò. Ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó là á já. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, n kò sì fi ṣe nǹkan kan fún ara mi rí.

Àdìkẹ́, ọmọbìnrin mi, fajúro. "Màmá, amọ̀? Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo ní, "Bó o bá ti wà nílé ọkọ, ilé amọ̀ ìyá rẹ ò ní kàn ọ́."

Ó wọlé lọ, kò jẹun alẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò yẹ kí n sọ ọ́ báyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́kàn mi ṣáá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Nofẹ́mbà

Wọ́n ń gún amọ̀. Òjò rọ̀ díẹ̀ lówùúrọ̀, bóyá èyí tó máa kẹ́yìn lọ́dún yìí nìyẹn.

Mo so àkísà mọ́ orí ọ̀pá, mo jókòó tì í pẹ̀lú agbòòrùn látàárọ̀ dalẹ́. Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ń wá láti apá gúúsù, níbi tí kò sí ilé kankan. Ibẹ̀ ni mo máa fi fèrèsé ńlá sí, kí ìkejì wà ní àríwá kí wọ́n lè kọjú síra. Ti àríwá á kéré, pátákó rẹ̀ á sì dí pinpin, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbà wọlé. Kò sí fèrèsé níhà ìwọ̀-oòrùn rárá. Oòrùn agogo mẹ́ta kì í ṣe àlejò tí mo fẹ́.

Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé ta ni mo ń dúró dè. Mo ní àna mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Nofẹ́mbà

Ìpele kejì ògiri ti gbẹ. Mo ti kọ̀wé sí Ọlábámijí pé yàrá á ti ṣetán kí Bíọ́lá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè. Kò tíì dá mi lóhùn. Bóyá ó ń ṣàìsàn. Bóyá ìyàwó rẹ̀ ló gba lẹ́tà náà. Ọmọ mi rù nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Disẹ́mbà

Ó dáhùn! Ó ní òun á ra fáànù ránṣẹ́. Fáànù, nígbà tí iná ẹ̀lẹ́tíríkì kò tíì dé òpópónà wa! Ta ni yóò máa fi ọwọ́ yí i? Kò sọ bóyá Bíọ́lá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. "A ó wò ó" ló kọ.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ló kù. Koríko tutù ju gbogbo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù iná ń bà mí, àkekèé sì fẹ́ràn rẹ̀. Páànù ló kù, òun náà ló sì sọ mí di ẹni ẹ̀sín. Sàláwù ní ká fi pátákó tín-ín-rín ṣe sílíìn sábẹ́ páànù. Mo ní rárá, àjà la máa ṣe, bí tayé àtijọ́: ká to igi líle sórí ògiri, ká tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e, ká wá fi amọ̀ bò ó bámúbámú, kí páànù wà lókè pátápátá.

"Àjà kẹ̀? Tíṣà, ṣé iṣu lẹ fẹ́ kó sókè ni?"

"Ẹnu ẹnì kan ni mo fẹ́ dí."

"Áà. Ẹnu wo ló tóbi tó báyìí?"

"Ìwọ ṣáà máa to igi."

Páànù ti tún gbówó lórí. Wọ́n ní torí ọdún Kérésì ni, bí ẹni pé páànù ni à ń sè jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Disẹ́mbà

Ọyẹ́ dé. Ètè mi là. Amọ̀ àjà gbẹ lókè, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù rinrin.

Ọjọ́ Ajé, 25 Disẹ́mbà

Ìyá Ìjàgbó wá jọ́sìn lọ́dọ̀ wa. Gèlè rẹ̀ dí mi lójú, n kò rí pẹpẹ. Bí a ṣe jáde ló dì mọ́ mi.

"Tíṣà! Mo gbọ́ pé ẹ ń kọ́lé amọ̀. Ṣé oko lẹ fẹ́ padà sí ni?"

"Àna mi, ẹ ó wá wò ó."

"Màá mú ọkọ́ dání wá."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ibi kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà. Mo dúró síbẹ̀, mo sì pinnu ohun tí mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò fẹ́ àforíjì. Ibi tó ti sọ ọ́ náà ni kó dúró sí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹgbẹ́ ìyá pé ilé mi tutù. Ọdún Kérésì ni o, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa ro irú èyí. Mo rò ó títí mo fi jẹ ìrẹsì tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Jánúárì 1962

Wàhálà. Ọyẹ́ ti fa omi ara àjà gbẹ jù, abẹ́ rẹ̀ ń sán, ekuru ń jábọ́ lé orí bẹ́ẹ̀dì tuntun. Bí Bíọ́lá bá rí i, Ìjàgbó ló ń lọ tààrà. N kò sùn.

Mo rántí ohun tí ìyá ìyá mi fi ń rẹ́ ilẹ̀. A bọ èèpo èso irúgbá nínú ìkòkò títí omi rẹ̀ fi dúdú bí kọfí, a fi ìgbẹ́ màlúù pò ó mọ́ amọ̀ tó kúnná. Sàláwù yínmú, ó ní òun kò kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ láti máa fọwọ́ kan ìgbẹ́. Àdìkẹ́ tó ń tijú amọ̀ ló bọ́ bàtà, tó gun àkàbà, tó sì fọwọ́ rẹ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, amọ̀ ti bo ojú rẹ̀ bí aṣọ egúngún. Ó wo dígí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yẹn gbẹ̀yìn.

Òórùn rẹ̀ burú. Mo dáná igi sílẹ̀ yàrá, mo ṣílẹ̀kùn gbayawu, kó lè gbẹ kí òórùn sì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Jánúárì

Àjà dúró. Kò sán, kò sì rùn mọ́. Mo dán an wò bí mo ṣe ń dán nǹkan wò níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Lánàá mo bu àdín àgbọn sínú ife mẹ́ta: ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú yàrá mi, ọ̀kan nínú yàrá tuntun. Láàárọ̀ yìí, ti ìta ti dì gbagidi, ti yàrá mi náà dì. Ti yàrá tuntun ń ṣàn bí omi! Oòrùn àná ṣì wà nínú ògiri náà. Lọ́sàn-án mo fi bọ́tà dán an wò: nínú yàrá mi ó di òróró, nínú yàrá tuntun ọ̀bẹ ni mo fi gé e.

Kò sí iná, kò sí fáànù. Mo fẹ́ jó. Mo jó díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Jánúárì

Bíọ́lá dé pẹ̀lú Ọmọ́ládé. Ọlábámijí kò rí àyè kúrò níbi iṣẹ́. Bíọ́lá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tuntun, ikùn ti yọ síwájú, ó fi áńkáṣífù bo imú nítorí ekuru ọ̀nà, ó ń wòkè.

"Màmá, ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sùn níbẹ̀ lónìí ná ká wò ó. Bí ara Ọmọ́ládé bá tún sú, n óò máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ má bínú."

Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Jánúárì

Ara ọmọ náà ń dán bí ìgò. Bíọ́lá sùn kọjá àkókò ìsìn. Ó ti tú ẹrù rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ajé, 5 Fẹ́búárì

Ọmọkùnrin! Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń béèrè oúnjẹ. Imú baba baba rẹ̀ ló mú wá. Olúwa, o ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, 12 Fẹ́búárì

A sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá Ìjàgbó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹní, ọpọ́n ìwẹ̀, kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, àti ìkòkò èédú. Mo wo ẹrù náà, mo ní ó ti pọ̀ jù fún ẹni tó wá sọmọ lórúkọ.

"Ogójì ọjọ́ ni o, Tíṣà. Èmi ni mo máa wẹ ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀."

Orí mi yí. Mo ti ro bí yóò ṣe wọlé, bí yóò ṣe jókòó, bí ojú yóò ṣe tì í. N kò ro ibi tí yóò sùn sí! Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló ń wá wẹ ọmọ? Èmi tí mo wẹ ìdajì ọmọ àdúgbò yìí.

Ó ti ń tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Bíọ́lá. Mo ní rárá, èémí àgbàlagbà méjì ti pọ̀ jù fún ọmọ tuntun nínú yàrá kan, a máa ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Yàrá kejì sì ti kún, Àdìkẹ́ àti Ọmọ́ládé ló wà níbẹ̀.

"Níbo ni kí n sùn?"

"Lọ́dọ̀ mi, àna mi. Nínú yàrá àtijọ́."

Mo fúnra mi tẹ́ ẹní náà fún un, gbọ̀ọ̀rọ̀, lábẹ́ páànù, níbi tí oòrùn ti ń mú jù. Tìdùnnú-tìdùnnú ni mo fi ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Fẹ́búárì

Ìyá Ìjàgbó gbé ìkòkò èédú wọ yàrá ọmọ láàárọ̀. Ó ní òtútù ìdájí á mú ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀.

Mo ní, "Ẹ gbé e jáde. Èéfín èédú ń pani nínú yàrá tó dí."

"Ẹ̀yin lẹ kàwé, Tíṣà. Èmi ni mo bí mẹ́jọ."

"Ẹ fọwọ́ kan ògiri."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ìgbà tí a bá ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó jáde. Mo ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu obìnrin yìí, ó gbé e mì!

Ọjọ́ Àìkú, 25 Fẹ́búárì

Èmi àti Ìyá Ìjàgbó jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a jáde, mo rọra ń rìn lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè ráyè sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá yí wa ká.

"Ìyá Bíọ́lá, báwo ni ọmọ tuntun?"

"Ara rẹ̀ le, ó ń sùn dáadáa."

"Ooru kò yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ọlọ́run! Ọlọ́run ló gun àkàbà tó rẹ́ ìgbẹ́ màlúù? Lójú ọ̀nà mo ní, "Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa yàrá."

"Yàrá wo?"

Ọjọ́ Àìkú, 4 Máàṣì

Ooru ti bẹ̀rẹ̀ gidi. Ewé kankan kò mì. Inú yàrá tuntun dùn bí ẹ̀bá odò, ọmọ náà ń sanra. Àwa ìyá méjèèjì wà lábẹ́ páànù.

"Àna mi, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bí òkúta."

Ìró tó fi sùn wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní òun fọ̀ ọ́ ni. Tèmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Máàṣì

Mo lanu sọ ọ́ lónìí. Mo ní, "Àna mi, ọmọ ti le, bí ẹ bá fẹ́ máa lọ sílé ẹ lè máa lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sọ òótọ́ níbi tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Bíọ́lá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó jáde, ọmọ wà lọ́mú. "Màmá, bí ẹ bá lé ìyá mi, èmi náà á kó àwọn ọmọ mi, mo ń lọ. Màá sì kọ̀wé sí Ọlá."

Ọlábámijí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde wá mú wọn. Tó bá bá yàrá lófìfo, kí ni mo kọ́ ọ fún? Mo ní, "Ta ló lé ìyá rẹ? A ń ṣeré ni." Ìyá Ìjàgbó ní, "Eré ni, eré ni." Ó ń wò mí. Mo ń wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Máàṣì

Lọ́sàn-án, gbogbo ilé sinmi. A dùbúlẹ̀ sí yàrá àtijọ́, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì. Páànù ń dún kàù, kàù.

"Atẹ́gùn díẹ̀ wà lónìí," ló wí.

"Ó wà."

"Ó tilẹ̀ fẹ́ pọ̀ jù."

"Mo ń wá aṣọ ìbora ni."

Bíọ́lá yọjú. "Ẹ̀yin ìyá, kí ló dé tí ẹ ò wá jókòó sí yàrá tuntun? Ibẹ̀ tutù."

Àwa méjèèjì jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "A wà dáadáa!"

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Máàṣì

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ṣẹlẹ̀! A ti dùbúlẹ̀ títí tí òógùn mi fi wọ ẹní já sílẹ̀. Lójijì Ìyá Ìjàgbó dìde jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ọrùn.

"Tíṣà, ẹ̀mí mi ń lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ, nínú yàrá yín. Yàrá náà tutù. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ṣé ẹ gbọ́?"

"N kò gbọ́ dáadáa."

"Mo ní ó tutù! Kò sí irú rẹ̀ ní Ìjàgbó! Bó bá di Ọjọ́ Àìkú, màá sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá yín, màá pariwo rẹ̀. Ó tó?"

Ó pariwo débi pé Àdìkẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná. Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọdún tó kọjá nìyí. Mo fẹ́ kí ó tún un sọ.

Ó ká ẹní rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. "Ó yá, ẹ dìde, ká jọ lọ. Ibí yìí kò ṣeé gbé fún ènìyàn. Àbí?"

Mo ti gbé ìgbọ̀nwọ́ kan kúrò nílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Inú yàrá yìí ni mo bí Ọlábámijí sí, ibẹ̀ ni mo bí Àdìkẹ́ sí, ibẹ̀ ni baba wọn kú sí. Ó ń dúró de ìdáhùn mi, ẹ̀rín kan ń bẹ létí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, àna mi," ni mo wí. "Èmi gbádùn ibí."

Ó lọ. Mo ń gbọ́ òun àti Bíọ́lá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi tuntun, ọmọ náà ń sín. Òógùn ti ba ojú ìwé yìí jẹ́, íńkì ń tàn kálẹ̀. Àdìkẹ́ ti wá pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá síbi tó tutù. Mo ní kó jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń kọ.

N kò tún ní ohun tí mo fẹ́ kọ.